Ẹ̀rí Inú Àpáàdì: Ìtàn Bí Ọmọ Aráyé Ṣe Kọ́ Láti Wọn Ọ̀rá

Kò ṣòro láti mọ orúkọ àwọn ọba tí ó ti jẹ ní ìlú kan, bí ìlú náà bá ní arọ́kin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi arọ́kin kan náà léèrè ohun tí ìyàwó ilé kan sè fún ọkọ àti ọmọ rẹ̀ ní 2000 ọdún sẹ́yìn, kò ní rí ìdáhùn fún wa. Ìtàn ẹnu a máa pa ogun mọ́, a sì máa pa oyè mọ́. Kì í sábà pa ọbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ohun tí ènìyàn ń jẹ ni ó ń fi irú oko tí ó dá hàn wá, àti irú ẹran tí ó sìn, igbó tí ó wọ̀ àti ọjà tí ó ná. Ẹni tí kò mọ oúnjẹ àwọn baba rẹ̀ kò tí ì mọ ìtàn wọn tán.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí a sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Àpáàdì ni ẹlẹ́rìí náà. Ìkòkò amọ̀ tí a kò fi ohunkóhun dán nínú a máa mu ọ̀rá. Bí a ti ń se ọbẹ̀ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ń wọ inú àwọn ihò tín-ín-rín ara amọ̀ náà lọ, tí ó sì ń fara pamọ́ síbẹ̀ fún omi àti fún àwọn ohun tí ń mú nǹkan jẹrà. Ìkòkò lè fọ́, ilé lè wó, ìlú lè tú. Ọ̀rá díẹ̀ lè kù síbẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni bí a ó ti ṣe mú ẹlẹ́rìí yìí sọ̀rọ̀. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní láti kọ́: wọ́n kọ́ láti tú ọ̀rá palẹ̀, wọ́n kọ́ láti yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì kọ́ láti wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ ìdí rẹ̀ tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra fún ẹ̀rí kan ju gbogbo ẹ̀rí yòókù lọ, àní èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ ọ̀pẹ wa.

Ọ̀rá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo

Ẹni tí ó bá wo epo pupa nínú ìgò lè rò pé ohun kan ṣoṣo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo ilé ńlá ni. Hóró ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mólékù, dà bí ọ̀pá kan tí a so ẹrù mẹ́ta rọ̀ sí. Ọ̀pá náà ni glycerine, omi dídùn tí ó ki. Ẹrù mẹ́ta náà ni àwọn ásíìdì ọ̀rá. Ásíìdì yìí kì í ṣe irú èyí tí ń bó ni lára. Okùn kábọ́ọ̀nù gígùn ni, tí haidirójìn sì so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gígùn okùn náà, àti bí haidirójìn ti pé tó lára rẹ̀, ni a fi ń dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Palmitic ní kábọ́ọ̀nù 16, haidirójìn rẹ̀ sì pé. Stearic ní kábọ́ọ̀nù 18, tirẹ̀ náà pé. Oleic ní 18 bákan náà, ṣùgbọ́n haidirójìn 2 dín lára rẹ̀. Linoleic pẹ̀lú ní 18, 4 sì dín lára tirẹ̀.

Nínú 100 ìwọ̀n ásíìdì tí ó wà nínú epo pupa, nǹkan bí 44 jẹ́ palmitic, nǹkan bí 40 sì jẹ́ oleic. Òrí kún fún stearic àti oleic. Ní ti àdín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú èkùrọ́ ọ̀pẹ kan náà ni a ti ń yọ ọ́, kò jọ epo pupa rárá: lauric, tí ó ní kábọ́ọ̀nù 12 péré, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ásíìdì 5 péré ni a ní, tí a sì ní láti so 3 rọ̀ sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, tí a sì gbà kí ẹyọ kan wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àkójọ 35 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lè rí. Bí a bá tún ka ẹrù àárín sí ọ̀tọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àkójọ náà di 75. Ásíìdì inú ọ̀rá gidi sì ju 5 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀kán epo kan ṣoṣo dà bí ẹni tí ó wọ ìlú àjèjì tí gbogbo ará ibẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì.

Ìtúpalẹ̀ ọ̀rá

Àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ dúdú ń tú ọ̀rá palẹ̀ láìka ìwé kankan. Wọ́n a fi omi sẹ́ eérú, wọ́n a gbé omi eérú náà kaná pẹ̀lú àdín tàbí epo, wọ́n a sì máa rò ó títí ọṣẹ yóò fi dì. Omi eérú ni ó ń já ẹrù mẹ́ta náà kúrò lára ọ̀pá wọn. Iṣẹ́ náà dá wọn lójú. Àṣírí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ni ó pamọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ṣe ni ọ̀rá àti omi eérú kàn dà pọ̀ di ọ̀kan.

Michel Eugène Chevreul, ará Faransé, ni ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọṣẹ wò ní ọdún 1811. Ní ọdún 1823 ni ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rá ẹranko jáde. Ó fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé nígbà tí a bá ń se ọṣẹ, ọ̀rá a máa pín sí ọ̀nà méjì: glycerine a dá dúró, àwọn ásíìdì ọ̀rá a sì lọ dì mọ́ ohun tí ó wà nínú omi eérú. Ó fún púpọ̀ nínú àwọn ásíìdì náà lórúkọ. Ọkùnrin yìí pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ẹni 102 ọdún kí ó tó kú ní 1889, ó sì fojú rí i tí ìmọ̀ tí ó gbìn so èso.

Ní ọdún 1840, ará Faransé mìíràn, Edmond Frémy, rí ásíìdì kan nínú epo pupa tí a ti fi ṣe ọṣẹ, ó sì fi igi ọ̀pẹ sọ ọ́ lórúkọ: palmitic. Ní ìgbà náà, epo pupa ti ń ti èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àgbá-àgbá, wọ́n sì ń fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ kí ó lè yọ̀. Báyìí ni orúkọ ọ̀pẹ ṣe wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní gbogbo ayé. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. A ó rí i níwájú pé orúkọ yìí ro ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìyàsọ́tọ̀ àti ìwọ̀n

Ẹ̀rọ tí a ń pè ní mass spectrometer, tí a ó máa pè ní ẹ̀rọ òṣùwọ̀n níhìn-ín, kò bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rá. Ní Cambridge, ní ọdún 1913, J. J. Thomson fi hàn pé oríṣi méjì ni afẹ́fẹ́ neon, pé ọ̀kan wúwo tó 20, èkejì sì tó 22. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Francis Aston, kan ẹ̀rọ tí ó péye ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ ní ọdún 1919, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1922. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti rí obìnrin tí ń fẹ́ ọkà lójú afẹ́fẹ́: ìyàngbò a fò lọ jìnnà, ọkà a bọ́ sí ìtòsí. Wọ́n a sọ nǹkan di oru nínú àgbá tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò. Wọ́n a fi agbára iná mànàmáná sára àwọn hóró náà. Wọ́n a sì mú wọn sáré kọjá níwájú òòfà. Hóró tí ó fúyẹ́ a yà kúrò lọ́nà púpọ̀, èyí tí ó wúwo a yà díẹ̀. Níbi tí ó bá bọ́ sí ni a ti ń mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ìdènà méjì ni ó dúró láàárín ẹ̀rọ yìí àti ọ̀rá. Èkínní ni pé ọ̀rá wúwo, kì í sì í fẹ́ di oru; bí a bá fi iná dandan mú un, yóò jóná. Èkejì ni pé bí a bá da gbogbo ìbejì inú ọ̀rá sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo wọn yóò pọ̀ jù, a kò sì ní mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Ní ti ariwo, iṣẹ́ Mikhail Tswett ni ó la ọ̀nà. Ní ọdún 1906, ní Warsaw, ó tẹ àlàyé ọ̀nà kan jáde: ó da omi tí ó ti inú ewé jáde sí orí ẹfun lúbúlúbú nínú ọ̀pá dígí, àwọn àwọ̀ tí ó wà nínú ewé náà sì pín ara wọn sí ìpele ìpele, nítorí pé bí ẹfun ti ń di ọ̀kan mú kọ́ ni ó ń di èkejì mú. Ní ọdún 1952, A. T. James àti A. J. P. Martin, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú ọgbọ́n kan náà ya àwọn ásíìdì ọ̀rá sọ́tọ̀. Wọ́n sọ wọ́n di oru, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé wọn la inú ọ̀pá gbọọrọ kan kọjá. Èyí tí okùn rẹ̀ kúrú kọ́kọ́ jáde. Èyí tí okùn rẹ̀ gùn jáde lẹ́yìn.

Ní ti dídi oru, àwọn onímọ̀ a kọ́kọ́ tú ọ̀rá palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Chevreul ti kọ́ wọn, wọn a sì fi ọtí methanol fi fìlà kékeré kan dé ásíìdì kọ̀ọ̀kan lórí. Ásíìdì tí a bá ti dé fìlà fún yìí a máa di oru wọ́ọ́rọ́wọ́. Ragnar Ryhage àti Einar Stenhagen, ní Síwídìn, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn irú àwọn ásíìdì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kó ìmọ̀ wọn jọ sínú ìwé ní ọdún 1960. Palmitic tí ó dé fìlà wúwo tó 270, stearic 298, oleic 296. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé hóró a máa fọ́ nínú ẹ̀rọ, àti pé àfọ́kù rẹ̀ a máa sọ ìdílé rẹ̀. Àfọ́kù tí ó wúwo tó 74 wọ́pọ̀ lára púpọ̀ nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ti í fi ìdílé ẹni hàn.

Ohun tí ó kù ni láti so ìyàsọ́tọ̀ àti ìwọ̀n pọ̀. Roland Gohlke àti Fred McLafferty, ní ilé iṣẹ́ Dow ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí ní àárín àwọn ọdún 1950. Ní 1964, Ryhage ṣe ohun èlò tí ń yọ afẹ́fẹ́ tí ó gbé oru wá kúrò kí oru náà tó wọ ẹ̀rọ òṣùwọ̀n. Láti ìgbà náà ni àdàlù ọ̀rá ti lè wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan, kí àwọn ará inú rẹ̀ sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ti olúkúlùkù ti ìwọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìpalára kan wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti já ẹrù kúrò lára ọ̀pá kò mọ ẹrù tí ó wà lára ọ̀pá wo mọ́. Láti wọn ọ̀rá lódidi, a nílò ọ̀nà tí yóò gbé e wọ inú ẹ̀rọ láìjẹ́ kí ó jóná. Ní àwọn ọdún 1980, John Fenn ti Yunifásítì Yale ṣe ọ̀nà náà: a ó pò ó pọ̀ mọ́ omi, a ó fi agbára iná mànàmáná tú omi náà ká bí ìrì, ìrì yóò gbẹ, hóró yóò sì kù ní odindi. Fenn pín nínú ẹ̀bùn Nobel ọdún 2002 nítorí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1994, Xianlin Han àti Richard Gross, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà Fenn wọn àwọn ọ̀rá tí ó wà nínú awọ tí ó bo hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ènìyàn.

Síbẹ̀, ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a mú hóró ọ̀rá méjì. Ti èkínní ru palmitic 1 àti oleic 2. Ti èkejì ru palmitic 1, stearic 1 àti linoleic 1. Gígùn okùn wọn pa pọ̀ dọ́gba. Haidirójìn tí ó dín lára àwọn méjèèjì jẹ́ 4. Nítorí náà, 858 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo, kò lé, kò dín. Ẹ̀rọ òṣùwọ̀n kò lè fi ìwọ̀n yà wọ́n. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó mú hóró 858 náà, a ó fọ́ ọ nínú ẹ̀rọ, a ó sì wọn àfọ́kù rẹ̀. Bí àfọ́kù bá fi hàn pé stearic já kúrò lára rẹ̀, a mọ̀ pé èkejì wà níbẹ̀. Ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá la èèpo náà ni yóò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí àpáàdì sọ̀rọ̀

Àwọn awalẹ̀pìtàn gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọ̀rá. Ní ọdún 1991, Richard Evershed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn àpáàdì àtijọ́ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rá tí ń dán lára ewé irú ẹ̀fọ́ kábéèjì. Ní ọdún 2012, Julie Dunne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn àpáàdì tí a wú ní Takarkori, ní aṣálẹ̀ Líbíyà, jáde. Níbẹ̀, òṣùwọ̀n irú mìíràn ni wọ́n lò. Kábọ́ọ̀nù oríṣi méjì ni wọ́n wò, ọ̀kan wúwo tó 12, èkejì tó 13. Bí kábọ́ọ̀nù 13 ti pọ̀ tó nínú palmitic àti nínú stearic ni a fi ń mọ̀ bóyá wàrà ẹran ajẹko ni ó wà nínú ìkòkò tàbí ọ̀rá ara rẹ̀. Àpáàdì náà jẹ́rìí pé àwọn ènìyàn ti ń lo wàrà ní Sàhárà ní ohun tí ó lé ní 4000 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí ibẹ̀ ṣì ní koríko.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ará Nok, tí a mọ̀ nítorí ère amọ̀ wọn ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè yìí, ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ tú àṣírí wọn fún wa lọ́nà tí ó ya ni lẹ́nu. Àwọn awalẹ̀pìtàn Yunifásítì Goethe ní Frankfurt àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Bristol yẹ àpáàdì tí ó lé ní 450 wò. Nínú gbogbo wọn, 66 péré ni ó ní ọ̀rá tí ó tó yẹ̀ wò. Ní ọdún 2021, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan nínú irú àwọn ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní ìda oyin, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ lọ jìnnà tó 3500 ọdún. Ní ọdún 2022, wọ́n fi kún un pé ó ju ìdá mẹ́ta kan lọ tí ó fi àmì onírúurú ewéko hàn, nínú èyí tí ẹ̀fọ́ wà. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí ní gbòǹgbò tí ó jìn ju bí a ti rò lọ.

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìda ni ẹ̀rọ rí. Kò rí oyin. Oyin a máa yọ́ sínú omi, a sì lọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi ìkòkò náà gbé oyin, tàbí pé wọ́n yọ́ ìda nínú rẹ̀, tàbí pé wọ́n fi oyin se oúnjẹ tàbí ọtí. Onímọ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a sọ ohun tí ó rí, a sì ya ohun tí ó rò sọ́tọ̀.

Ẹ̀rí orúkọ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ palmitic ti kàn wá. Bí a bá rí palmitic púpọ̀ nínú àpáàdì kan ní ilẹ̀ wa, kò sí ohun tí ó rọrùn tó láti kígbe pé epo pupa rèé, orúkọ ọ̀pẹ sáà ni. Ẹ̀rí náà kò tó rárá. Palmitic tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀pà, ó wà nínú ọ̀rá ara ènìyàn pàápàá. Inú epo pupa ni Frémy ti bá a pàdé. Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ó ń gbé.

Ohun tí ó tún burú ju èyí lọ ni pé ọjọ́ ogbó a máa sọ gbogbo ọ̀rá di ọ̀kan. Níbi tí haidirójìn ti dín lára oleic àti linoleic ni afẹ́fẹ́ ti ń ráyè wọlé bà wọ́n jẹ́. Lauric, tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó dára jù fún àdín, kúrú. Omi ilẹ̀ a tètè gbé e lọ. Àwọn tí ó ń kù ni palmitic àti stearic, nítorí pé wọ́n gùn, wọ́n sì pé. Nítorí náà, ọ̀rá tí ó bẹ̀rẹ̀ bí epo ẹ̀pà lè pẹ́ nínú ilẹ̀ títí yóò fi máa jọ ohun tí ó ti ara ẹran wá. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n rí ọ̀rá kan nínú ibojì ní Abydos ní Íjíbítì. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti kọ ọ́ pé epo pupa ni, wọ́n sì ti kọ́ ìtàn òwò ọ̀nà jíjìn lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ pé palmitic nìkan ni ẹlẹ́rìí irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ilé náà dúró lórí iyanrìn.

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí yóò sọ pé àwọn baba wa fi epo pupa sebẹ̀ nínú ìkòkò kan gbọ́dọ̀ pe ẹlẹ́rìí púpọ̀: ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ọ̀rá náà, èèpo èkùrọ́ tí ó jóná tí a bá nínú ilẹ̀ kan náà, irú ìkòkò tí ó jẹ́ àti ohun tí ìtàn ẹnu ìlú náà sọ. Bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan, a lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, kí a ní sùúrù.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní iṣẹ́ níhìn-ín. Láti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba wa ti fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìta wọn, títí dé ahoro Ọ̀yọ́ Ilé, ilẹ̀ wa kún fún ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ lásán mú àpáàdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ti fi ọ̀rá ara rẹ̀ pò mọ́ ti àtijọ́. Ẹni tí ó dì í sínú ọ̀rá ike ti fi ti ike kún un. Ẹni tí ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ó lè mọ́ fún àfihàn lè ti fọ ìtàn dànù. Kí àwọn tí ń wú ilẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ mímọ́, kí wọ́n wé díẹ̀ nínú àpáàdì náà sínú bébà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìfọ̀ ọ́, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i. Iṣẹ́ yìí kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ̀rọ lè dé lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rá tí a bá ti bà jẹ́ lónìí kò ní padà wá. Àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Kí a má jẹ́ kí ohun tí ó ti ko iná àti ìgbà lójú bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa.